Ọmọbìnrin Orí Báńà

Ẹsẹ̀ ni Dindo Torrefiel kọ́kọ́ rí. Ẹsẹ̀ obìnrin ni, kò wọ bàtà, ó wà lókè àkàbà oparun kan tí wọ́n fi ti òpó iná lẹ́nu ọ̀nà, eruku sì ti kun àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì ìlú Miagao. Ẹni tó ni ẹsẹ̀ náà ń fi eyín tú okùn báńà ńlá kan, ó sì ń ṣépè fún ẹni tó ta kókó rẹ̀.

Lágbègbè wa, kò sí ẹni tí kò mọ olè báńà. Òjò dé, òrùlé ilé ẹlẹ́dẹ̀ ń jò, báńà olóṣèlú tàbí ti ọmọ tó gboyè sì ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lójú ọ̀nà. Kí ló tún kù? Dindo ń tẹ báńà pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Tigbauan, ó sì ti rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lórí ilé ẹlẹ́dẹ̀ tó pọ̀. Ó ń dùn ún. Ó pa alùpùpù rẹ̀.

"Olè! Sọ̀kalẹ̀! Àbí ẹlẹ́dẹ̀ rẹ kò rí nǹkan mìíràn fi borí ju báńà dókítà lọ?"

Ọmọbìnrin náà kò bojú wẹ̀yìn. "Ẹlẹ́dẹ̀ mi sàn jù ọ́ lọ. Òun kì í pariwo láàárọ̀."

"Èmi ni mo tẹ báńà yẹn! Mo mọ ẹni tó ni ín. Dókítà Glaiza Nufable ni, ọmọ Nanay Consing tó ń hunṣọ, tó bá sì gbọ́ pé ìwọ..."

Ìgbà náà ló yíjú sí i. Ojú kan wà lórí báńà tó há sábíyá, ó fẹ̀ ju ọpọ́n ìfọṣọ lọ, ó ń rẹ́rìn-ín. Ojú kejì kò rẹ́rìn-ín rárá, láti òkè àkàbà ló ti ń wo Dindo. Ojú kan náà ni.

"Ó ti gbọ́," ni ó wí. "Ṣé mo lè gbé orí ara mi lọ sílé báyìí?"

Dindo tẹjú mọ́ ọn. Ó mọ ojú yẹn. Odidi ọ̀sán kan ló fi tún àwòrán náà ṣe lórí kọ̀ǹpútà, nígbà tí wọ́n gbé e wá. Àmì dúdú kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbọ̀n, ó rò pé ìdọ̀tí ló lẹ̀ mọ́ fọ́tò, ó sì pa á rẹ́. Àmì náà ló ń wò lójúkojú yìí, ó sì yẹ ọmọbìnrin náà débi pé ẹnu Dindo ṣí fúnra rẹ̀.

"Àmì àgbọ̀n yẹn, tìrẹ ni?"

"Áà! Ìwọ lo pa á rẹ́! Nanay, ìyá mi, fi ìka wá a títí. Ó ní ọmọ ta ni wọ́n tẹ̀ fún òun." Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀, àkàbà sì mì. Dindo sáré dì í mú.

Ibẹ̀ ni wọ́n wà nígbà tí Nanay Consing jáde, tòun ti fọ́nrán òwú lọ́rùn. Ó wo ọmọ rẹ̀, ó wo àlejò. "Ìwọ, kí lorúkọ rẹ?"

"Dindo Torrefiel, Nay. Ẹ káàárọ̀."

"Torrefiel. Ará Tigbauan." Lọ́dọ̀ wa, orúkọ ìdílé ló ń sọ ìlú ẹni. "Ó dára. Bó o ti ga tó yìí, gun àkàbà náà kí o so báńà mi padà. So ó dáadáa. Kí ẹnikẹ́ni má lè fi eyín tú u mọ́."

Báyìí ni Dindo ṣe so ojú ọmọbìnrin náà padà sókè, tí ẹni tó ni ojú náà sì dúró nísàlẹ̀, tó ń wò ó bí ọ̀dàlẹ̀.

Ohun tí wọ́n kọ sórí báńà náà kò ju èyí lọ: A kí ọ kú oríire, Glaiza Nufable, dókítà wa lọ́la. Owó aṣọ híhun ni Nanay Consing ná lé e, lọ́dún tí ọmọ rẹ̀ wọlé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní ìlú Iloilo. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó pè é ní Glaiza mọ́. Dok ni. Bó ń ra iyọ̀, Dok. Bó wọ ṣọ́ọ̀ṣì, Dok. Àwọn àgbàlagbà á dá a dúró lọ́nà, wọ́n á ká ṣòkòtò sókè, wọ́n á ní kó bá àwọn wo orúnkún. Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní ni o! Orúkọ egungun orúnkún gan-an kò tíì dúró sí i lórí.

Lọ́dún kejì, ó fìdí rẹmi. Ẹ̀kọ́ tó ti fìdí rẹmi kì í ṣe ọ̀kan, kì í ṣe méjì. Ilé-ìwé pè é, wọ́n ní kó fọwọ́ ara rẹ̀ yọ orúkọ ara rẹ̀ kí àwọn má baà yọ ọ́. Wọ́n wá fún un ní ìwé tí à ń pè ní ìwé ìyọnikúrò pẹ̀lú ọlá. Ẹ gbọ́ o: wọ́n lé ọ, wọ́n tún fi ọlá sí i! Glaiza ki ọlá náà bọ àpò, ó wọ jíìpù akérò, ó sì sunkún títí dé Miagao.

"Ìsinmi ló wá lò," ni Nanay Consing ń sọ fáwọn aládùúgbò. Ìsinmi náà pẹ́ títí tí ẹlẹ́dẹ̀ ilé fi bímọ. Irọ́ kò sì gbọdọ̀ tú, nítorí náà báńà kò gbọdọ̀ sọ̀kalẹ̀. Ìyá kò burú. Ojú ló ń tì í. Ọkọ rẹ̀ ti kú tipẹ́, ọmọ kan yìí ló ní, ohun tó sì ní láti fi yangàn láàárín àwọn ahunṣọ ẹgbẹ́ rẹ̀ kò ju báńà yẹn lọ.

Dindo padà wá lọ́jọ́ kejì. Ó ní òun wá wo okùn báńà bóyá ó ṣì le. Lọ́jọ́ kẹta, ó ní afẹ́fẹ́ fẹ́ lóru. Nígbà tó dọjọ́ kẹrin tí afẹ́fẹ́ kò fẹ́, tí okùn sì dúró bí irin, Glaiza bá a lẹ́nu ọ̀nà.

"Dindo, ṣé gbogbo báńà tó o bá tẹ̀ lo máa ń bẹ̀ wò báyìí?"

"Èyí tí mo bá bà jẹ́ nìkan. Mo jẹ ọ́ ní àmì àgbọ̀n kan."

Ó rẹ́rìn-ín, wọ́n sì jókòó sórí pẹpẹ oparun lábẹ́ igi máńgòrò. Ibẹ̀ ni Dindo ti sọ ti ara rẹ̀ fún un. Báńà tirẹ̀ náà ti wà rí, ní Tigbauan: Kápítẹ́nì wa lọ́la. Ó ka ẹ̀kọ́ ọkọ̀ ojú omi parí, àfi ìgbà tí wọ́n yẹ ojú rẹ̀ wò tí wọ́n rí i pé kò lè dá pupa mọ̀ yàtọ̀ sí àwọ̀ ewé. Ọkọ̀ wo ló fẹ́ wà?

"O kò dá àwọ̀ mọ̀, o sì ń tẹ báńà?"

"Manang Luz, ẹ̀gbọ́n mi, ló ń yan àwọ̀. Lọ́jọ́ tó ṣàìsàn, mo tẹ báńà ìgbéyàwó kan, mo fún ọkọ ìyàwó ní ojú àwọ̀ ewé. Wọ́n ṣì fẹ́ra."

Glaiza rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Omi náà bá kọ̀, kò dáwọ́ dúró. Ẹ̀rín ti lọ, ẹkún ló kù. Dindo kò sọ pé kó má sunkún. Ó jókòó tì í.

"Mo fẹ́ padà," ni ó wí nígbẹ̀yìn. "Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà, Dindo. Kì í ṣe nítorí báńà. Ilé-ìwé mìíràn wà ní Iloilo tó lè gbà mí, ṣùgbọ́n wọ́n ń béèrè bóyá mo ti wọ ibòmíràn rí, àti ìdí tí mo fi kúrò. Nanay ní kí n fò ó. Ó ní Ninong Berting, bàbá ìsàmì mi tó jẹ́ kánsẹ́lọ̀, mọ ẹnì kan tó mọ ọ̀gá ibẹ̀."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Bí mo bá fi irọ́ wọlé, tí ẹnì kan bá dá mi mọ̀, ó parí nìyẹn. Kò ní sí ilé-ìwé tí yóò tún gbà mí láyé."

"Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Kí ló gbé ọ ṣubú?"

Kò sẹ́ni tó ti bi í ní ìbéèrè yẹn rí. Gbogbo ènìyàn ló ń sọ pé "pẹ̀lẹ́" tàbí pé "ìsinmi ń gbádùn mọ́ ọ". Ó ronú, ó sì rí i pé ìdáhùn ti wà lẹ́nu òun tipẹ́.

"Ọ̀nà ni. Jíìpù àkọ́kọ́ láàárọ̀ kùtùkùtù, jíìpù ìkẹyìn nírọ̀lẹ́, lójoojúmọ́. Bí mo bá ṣíwèé lórí itan, oorun á gbé mi kí n tó ka ojú ìwé kan. Àwọn yòókù ń gbé nítòsí ilé-ìwé, wọ́n jọ ń kàwé, wọ́n ń bi ara wọn ní ìbéèrè. Èmi, Dok Miagao, ojú ń tì mí láti béèrè. Nanay sọ pé ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń háyà, ọmọkùnrin ló kún ibẹ̀. Ọmọkùnrin ló sì ń ba ẹ̀kọ́ jẹ́."

"Ó sọ ọ́ fún mi náà," ni Dindo wí. "Lánàá, nígbà tí mo ń la igi fún un."

Òótọ́ ni, ó ń la igi. Bí àwọn ọmọkùnrin ilẹ̀ wa ti ń ṣe nígbà àtijọ́, tí wọ́n ń sin ìyá ọmọ kí wọ́n tó fẹnu kan ọ̀rọ̀ ọmọ, ni Dindo ṣe gbé àáké. Ó pọnmi, ó tún ilé ẹlẹ́dẹ̀ ṣe, ó gun àgbọn. Nanay Consing gba gbogbo rẹ̀ láìdúpẹ́.

"Igi yìí tóbi jù. Ṣé erin ni mo fẹ́ sè?"

"Màá tún un là, Nay."

"Tún un là. Ṣùgbọ́n má rò pé igi ni wọ́n fi ń ra ọmọ mi. Ó ń kàwé."

Lóòótọ́ ló sì ń kàwé. Dindo tẹ àwòrán ara ènìyàn sí ẹ̀yìn báńà kan tó ti bàjẹ́, ó ga ju òun fúnra rẹ̀ lọ, ó gbé e kọ́ sínú àtíbàbà tí òfì wà. Á fi igi tọ́ka sí egungun kan, Glaiza á pe orúkọ rẹ̀. Bó bá gbà á, á fún un ní ẹyọ àkàrà ìrẹsì kan. Bó bá ṣì í, Dindo ni yóò jẹ ẹ́.

"Dindo, o ti ń sanra."

"Ẹ̀bi ta ni? Kí ni èyí?"

"Egungun àyà."

"Ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ńkọ́?"

"Ọkàn."

"Tèmi ti kúrò níbẹ̀," ni Dindo wí, "láti ọjọ́ àkàbà."

Glaiza wo ilẹ̀. Ó mú àkàrà ìrẹsì náà, ó pín in sí méjì, ó fún un ní èyí tó tóbi. "Jẹun, Langga," ni ó wí. Orúkọ yẹn, tí a kì í pe ẹnikẹ́ni àfi ẹni tó wà lọ́kàn wa, ló fi dá a lóhùn. Ìdùnnú gba ọmọ Torrefiel débi pé kò rántí jẹun.

Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ bẹ́, ọjọ́ Àìkú ni. Nanay Consing ti se ẹ̀wà àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀ fún Ninong Berting. Ninong jẹun, ó nu ẹnu, ó ní ọ̀rọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Kí Glaiza sáà ti fo ìbéèrè kan yẹn.

"Ẹ ṣeun, Ninong," ni Glaiza wí. "N kò ní fò ó. Mo ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé mo fìdí rẹmi. Mo ti fi ránṣẹ́."

Nanay Consing dìde. Kò wo ọmọ rẹ̀. Dindo, tó ń pọnmi bọ̀ láti ẹ̀yìnkùlé, ló na ìka sí. "Mo mọ̀! Ẹni yìí ni! Mo ti sọ ọ́: bí ọmọkùnrin bá ti wọlé, ìwé á jáde! Òun ló ń kọ́ ọ!"

"Nay." Ohùn Glaiza rọra jáde. "Ní ìgbà àkọ́kọ́, kò sí ọmọkùnrin kankan. Èmi nìkan ni mo dá fìdí rẹmi."

Ẹ̀rín gbọ̀n Ninong Berting, ó fi ikọ́ bò ó. Ṣùgbọ́n Glaiza kò tíì parí. Ó sọ ti jíìpù, ó sọ ti oorun, ó sọ bí àárẹ̀ ti ń jẹ́ kí àwọn orúkọ tó kà lálẹ́ ṣí lọ kí ilẹ̀ tó mọ́. "Mo yẹ kí n ti sọ fún yín, Nay. Mo ń bẹ̀rù kí ẹ má baà rò pé ẹ̀yin ni mo ń dá lẹ́bi."

Ọ̀rọ̀ náà wọ ìyá lára. Ó ní kí Dindo gbé korobá sílẹ̀, kó máa lọ sí Tigbauan. Dindo wo Glaiza.

"Lọ, Langga," ni ó wí lójú ìyá rẹ̀ àti lójú Ninong. "Jẹ́ kí n fẹsẹ̀ ara mi wọlé. Bí wọ́n bá gbà mí, màá wá bá ọ ní ṣọ́ọ̀bù. Bí wọn kò bá gbà mí, màá wá síbẹ̀ náà."

Dindo lọ. Òfì Nanay Consing kò dún fún ọjọ́ púpọ̀. Ní tòótọ́, àánú rẹ̀ ṣe wá. Kò rọrùn fún ìyá láti gbọ́ pé ọgbà tí òun fi yí ọmọ ká ló gbé ọmọ náà ṣubú.

Nígbà tí ilé-ìwé ránṣẹ́ pé kí Glaiza wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ó dìde ní kùtùkùtù, ó sì bá ìyá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, tó ti wọṣọ ṣọ́ọ̀ṣì. "Mò ń bá ọ lọ," ni ìyá náà wí.

Nanay Consing kò wọ jíìpù àkọ́kọ́ rí. Kí ló fẹ́ wá ní Iloilo nígbà tí àkùkọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ? Wọ́n há a sáàárín apẹ̀rẹ̀ ẹja àti obìnrin ọlọ́mú ńlá kan. Àwọn ọmọkùnrin so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀. Èéfín ń wọlé, orin ń ké. Glaiza ṣíwèé rẹ̀. Wọn kò tíì dé ìlú Guimbal tí orí rẹ̀ fi sùn lé èjìká ìyá rẹ̀, ìwé sì já bọ́ sínú ẹja.

Ìyá ṣa ìwé náà. Ó fi aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ nù ún. Láti Guimbal dé Iloilo, kò mi èjìká rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èjìká náà ti kú tipiri. Ó ń ka iye ìgbà tí ọmọ yìí ti gba ọ̀nà yìí láìsí èjìká kankan, kò sì lè kà á tán.

Àwọn mẹ́ta ló jókòó fọ̀rọ̀ wá Glaiza lẹ́nu wò. Ooru mú, wọ́n ṣílẹ̀kùn sílẹ̀, Nanay Consing sì wà lórí àga lóde, ó na etí. Ìyáàgbà dókítà kan tó wà láàárín wọn yọ awò ojú rẹ̀.

"O kọ ọ́ níbí pé o fìdí rẹmi. Ọ̀pọ̀ ń fi pamọ́. O ṣeun. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà lo máa gbà wá. Kí ló ti yí padà?"

Glaiza mí kanlẹ̀. "Mo ti kọ́ láti béèrè, Dókítà. Bí n kò bá mọ nǹkan, mo ń sọ pé n kò mọ̀. Ní ti ọ̀nà, mo nílò yàrá nítòsí ilé-ìwé. N kò ní parọ́ fún yín, ìyá mi kò tíì gbà..."

"Ó ti gbà!"

Gbogbo wọn yíjú. Nanay Consing ti dìde lóde, ó di àpò rẹ̀ mọ́ àyà, ojú ń tì í, kò sì jókòó. "Ẹ dákun, ẹ má bínú. Ìyá rẹ̀ ti gbà. Láti Guimbal ló ti gbà."

Ìyáàgbà dókítà náà rẹ́rìn-ín débi pé ó gbé awò ojú rẹ̀ sílẹ̀.

Wọ́n gbà á. Ọdún kìíní ni yóò ti bẹ̀rẹ̀, wọn yóò sì máa ṣọ́ ọ. Bó bá tún fìdí rẹmi, ó parí. Ọjọ́ tí ìròyìn dé, Nanay Consing fúnra rẹ̀ gbé àkàbà, ó já báńà náà lulẹ̀. Nígbà tí àwọn aládùúgbò béèrè, ó ní, "Ọmọ mi fìdí rẹmi, wọ́n sì tún gbà á. Ta ló tún fẹ́ gbọ́ nǹkan mìíràn?" Kò sẹ́ni tó fẹ́. A mọ̀ tẹ́lẹ̀ kẹ̀. Gbogbo Miagao ló mọ̀, à ń bọ̀wọ̀ fún un ni.

Glaiza sì gba Tigbauan lọ. Dindo wà lẹ́yìn kọ̀ǹpútà. Ó gbójú sókè wo ẹnu ọ̀nà, ojú rẹ̀ sì sọ gbogbo rẹ̀. Manang Luz ló pariwo, "Dindo, o ti tẹ ojú bíṣọ́ọ̀bù ní àwọ̀ ewé!"

Ọdún náà le. Glaiza ń gbé yàrá kan pẹ̀lú àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta, wọ́n ń bi ara wọn ní ìbéèrè títí ẹnu fi ń ro wọ́n. Lọ́jọ́ Àìkú, Dindo ń gbé oúnjẹ láti ọ̀dọ̀ Nanay Consing wá, nítorí ìyá náà ti rí i pé alùpùpù yá ju jíìpù lọ. Nígbà tí èsì jáde, Glaiza yege nínú gbogbo rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, díẹ̀ báyìí ló fi là á, ó sì sọ bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ẹni tó béèrè.

Lóṣù ìsinmi, ìdílé Torrefiel gun àtẹ̀gùn ilé Nufable láti wá tọrọ ọmọ, bí àṣà wa. Wọ́n gbé ẹlẹ́dẹ̀ sísun wá, wọ́n gbé ìrẹsì tí a pọ́n sínú ewé wá. Ìyá Dindo sọ̀rọ̀ dáadáa, ó ní ìgbéyàwó lè wáyé ní ìsinmi ọdún tó ń bọ̀, kí ìwé máa lọ, kí ilé máa dúró. Nanay Consing gbọ́ gbogbo rẹ̀ láìmi orí. Lẹ́yìn náà ó kọjú sí Dindo.

"Ọdún ẹ̀kọ́ ṣì kù lójú ọ̀nà. Bó bá tún fìdí rẹmi ńkọ́?"

Ìbéèrè tó ń ba gbogbo ilé náà lẹ́rù ni, kò sẹ́ni tó ti gbé e sórí tábìlì rí.

Dindo ronú. "A ó jẹun alẹ́, Nay," ni ó wí. "Bó bá jẹun tán, màá bi í pé kí ló fẹ́ ṣe. Ohun tó bá sọ la ó ṣe."

Nanay Consing wò ó pẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bu ìrẹsì fún un, ó bù ú kọjá ẹnu abọ́. Ìgbà náà ló rí i pé ọwọ́ ọmọ rẹ̀ àti ọwọ́ Dindo ti sọnù sábẹ́ tábìlì.

"Ẹ gbọ́wọ́ yín sókè. Orí tábìlì ni mo ti fẹ́ máa rí i."

Wọ́n gbé e sókè pẹ̀lú ìtìjú, ìka nínú ìka, wọ́n sì sáré fẹ́ fi ara wọn sílẹ̀.

"Mo ní kí ẹ gbé e sókè ni," ni Nanay Consing wí, ó sì ti ẹran sí iwájú wọn. "N kò ní kí ẹ fi ara yín sílẹ̀."